Èmi Tí Mo Sọ Gbémì Lórúkọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tèmi. Orúkọ ni mo fi ọjọ́ ayé mi sọ. Kì í ṣe orúkọ ọmọ tuntun o, àwọn bàbá àgbà ló ni ìyẹn. Àwọn iwin, àwọn ọdẹ tó ń sá fún òjìji ara wọn, àwọn ọba tí adé wọn tóbi ju orí wọn lọ, gbogbo ẹ̀dá tó ń jáde nínú eré ẹlẹ́rìn-ín ẹgbẹ́ wa, èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in báyìí kó tán. Iṣẹ́ yìí ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú, n kò sì tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ ní gbogbo etí omi Ìlàjẹ.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Mo ti lé díẹ̀ ní ogún ọdún, mo ń bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún àwọ̀n ṣe létí èbúté Igbókòdá, mo sì máa ń sọ gbogbo ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ lórúkọ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ṣe ń húkọ́. Ọ̀gá Ọmọ́wọlé, olórí ẹgbẹ́ eléré tó ń wọ ọkọ̀ kiri àwọn abúlé, gbọ́ mi lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n lọ kó ẹrù mi. Ní ti owó, ó tó jẹ pupurú, kò tó ra ẹran sí i. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ mọ àwọn ìtàn tí ọdẹ akíkanjú kan máa ń wọ inú igbó iwin lọ, tí á máa pàdé abàmì ẹ̀dá lọ́tùn-ún lósì, tí á sì ṣẹ́gun gbogbo wọn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdẹ tiwa kì í wọ igbó, torí igbó ọ̀dọ̀ wa kò tó nǹkan, omi ló pọ̀. Ọkọ̀ ló máa ń wà lọ bá àwọn iwin, kò sì ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni rí. Lákòókò yẹn, owó epo rọ̀bì ti ń ṣàn nílẹ̀ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ epo ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí ojú òkun, ọjà òkèèrè sì ń wọ Igbókòdá lójoojúmọ́. Mílíìkì inú agolo, bátìrì, bísíkíìtì, ọṣẹ ìfọṣọ, kò sí èyí tí rédíò kì í kọrin orúkọ rẹ̀. Nínú àwọn ọjà wọ̀nyí ni mo ti ń yọ orúkọ. Èmi ni mo sọ ọdẹ wa ní Akínbátìrì, nítorí pé bó bá ti rí iwin ni agbára rẹ̀ ń tán. Èmi ni mo sọ ọmọbìnrin ọba ní Adébọ́tà, ẹni tí oòrùn kò gbọdọ̀ rí, kó má baà yọ́. Ọba náà fúnra rẹ̀ ni Jẹnẹgbadé, ó jọ jẹnẹrétọ̀ ilé olówó, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju iná rẹ̀ lọ. Tí Jẹnẹgbadé bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí ó tó sọ̀rọ̀, àwọn àgbàlagbà á di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú sómi.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé mo kàn dé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúkọ. Odidi ọdún kan àtààbọ̀ ni Ọ̀gá kò fi jẹ́ kí n sọ ajá lórúkọ nínú eré. Mo gbá omi kúrò nínú ọkọ̀, mo dáná, mo to pákó ìtàgé. Iṣẹ́ tó sì le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni wíwo ilé. Bí ọkọ̀ wa bá ti gúnlẹ̀ sí abúlé kan, kí ẹnikẹ́ni tó tú ẹrù, èmi ni n ó rìn lórí afárá pákó láti ìbẹ̀rẹ̀ abúlé dé òpin, n ó wo ohun tí wọ́n ń tà, n ó béèrè ẹni tó ń tà á, n ó béèrè bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ìyá àti bàbá ibẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Gbogbo Yorùbá ló ń pa òwe yìí, Ọ̀gá mi nìkan ni mo mọ̀ tó sọ ọ́ di òfin iṣẹ́.

“Ẹni mélòó ló ń ta bátìrì níbí?” Ohun tó máa ń bi mí nìyẹn.

Bí mo bá ní ẹni mẹ́wàá, á ní Akínbátìrì lè ṣeré. Bí mo bá ní ẹnì kan ṣoṣo, á pa orúkọ náà tì, ọdẹ wa á di nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà. Àlàyé tó ṣe fún mi ni pé ní ìlú ńlá, yẹ̀yẹ́ tí a bá fi ọjà ṣe, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà náà ló ń bá wí, àwọn yẹn kò sì ní gbọ́. Ní abúlé etí omi, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń ta nǹkan, ẹni náà lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì jókòó sí iwájú rẹ.

Lọ́jọ́ kan ní Òde Ugbò, mo ti ń wo ilé bọ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Mo sá padà. Ọ̀gá bi mí ní iye àwọn tó ń ta bísíkíìtì, mo ní wọ́n tó mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó ní, “Mẹ́rin ni àbí márùn-ún?” N kò mọ̀. Àwọn èèyàn ti jókòó lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń retí eré. Ọkùnrin yìí jáde sí wọn, ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọọ̀ṣẹ́ mi gbàgbé ka bísíkíìtì, ó ń padà lọ kà á.” Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín láti abẹ́ àtíbàbà dé ìdí afárá. Inú òjò yẹn ni mo ti mọ̀ pé márùn-ún ni wọ́n.

Tí mo bá sì ti rí orúkọ, á ní kí n pè é nígbà ogún pẹ̀lú pupurú gbígbóná lẹ́nu. Ó ní orúkọ tí ẹni tó ń jẹun kò bá lè pè, kò ní dé ilé ẹnikẹ́ni. Bí pupurú ṣe ń jó mi lẹ́nu ni mo ń kọ́ iṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójoojúmọ́ nígbà náà ni mo ń ṣépè fún un nínú.

Ọdún kẹrin mi ni mo bí Gbémì. Mílíìkì kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Gẹ́mì, agolo rẹ̀ ní ìwé pupa tó ń dán lára. A nílò iwin omi kan tí yóò máa gbé àwọn òṣèré mì. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo ní Gbémì! Ọ̀gá kò tilẹ̀ ní kí n fi pupurú dán an wò. A ṣa ìwé ara agolo jọ, a lẹ̀ wọ́n mọ́ aṣọ ìgbòkun àtijọ́ kan láti ọrùn dé ilẹ̀, Bọ́sún tó sanra jù nínú wa wọ̀ ọ́. Bó bá ti jáde, tó na apá, tó ké pé “Ẹ bù mí mu kí n tó bù yín mu!”, tó wá fi aṣọ bo Akínbátìrì mọ́lẹ̀, Igbókòdá máa ń dàrú. Òde Ugbò ní ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Orí mi wú, n kò ní parọ́ fún yín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ni omi.

Nígbà náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ọ̀gá. Ó ní kí n kó ẹgbẹ́ lọ sí abúlé kékeré kan lápá Etíkàn, èmi nìkan ni ó fọkàn tán. A pẹ́ lọ́nà. Nígbà tí a fi máa gúnlẹ̀, omi ti ń fà, bí a kò bá sì tètè ṣeré ká lọ, ọkọ̀ wa á jókòó sínú ẹrẹ̀.

Bọ́sún ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní lọ wo ilé ni?”

Mo ní, “Gẹ́mì náà? Ta ni kì í tà á? Wọ aṣọ rẹ.”

A ṣeré náà lọ́sàn-án gangan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé ń ké, wọ́n ń sá sẹ́yìn ìyá wọn, wọ́n tún ń yọjú. Mo rí obìnrin kan lẹ́yìn tí kò rẹ́rìn-ín rárá. Mo rò pé eyín ló ń dùn ún. A bá omi lọ.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ń ṣe ìdánrawò ní Igbókòdá, obìnrin náà wọlé tọ̀ wá wá. Ó gbé agolo Gẹ́mì kan kalẹ̀ sáàárín wa. Eteetí rẹ̀ ti ń dípẹtà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ó ní. “Mé è wá jà. Mo fẹ́ rí ẹni tó sọ iwin yín lórúkọ.”

Mo ní èmi ni. Ó wò mí dáadáa.

“Ọma mi, èmi nìkan ni mo ń ta Gẹ́mì lábúlé wa. Ọkọ mi ti kú. Owó àwọ̀n rẹ̀ tí mo tà ni mo fi ra ọjà náà. Látìgbà tí ẹ ti lọ, bí mo bá wa ọkọ̀ kọjá, àwọn ọmọdé á ké pé Gbémì ń bọ̀. Tí ìyá wọn bá po mílíìkì náà fún wọn, wọ́n á tu ú dànù. Àwọn ìyá kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ò rà á mọ́. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi.”

Ọ̀gá yí sí mi. “Ṣé o wo ilé?”

Mo ní n kò wò ó. Ọ̀gá Ọmọ́wọlé, tó dàgbà ju obìnrin yẹn lọ dáadáa, tí ẹsẹ̀ ń dùn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀. N kò rí i kí ó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin rí. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ la. Gbogbo wa náà dọ̀bálẹ̀.

Mo tún fẹ́ fi ọgbọ́n yọ ara mi. Mo ní ká padà lọ síbẹ̀, ká ṣe eré tuntun, kí akọni inú rẹ̀ máa jẹ́ Olúgẹ́mì, kó máa mu mílíìkì kó máa lágbára.

“Orúkọ lo fi bà á jẹ́,” Ọ̀gá ní, “orúkọ náà lo tún fẹ́ fi tún un ṣe? Àjẹ̀ lo máa fi tún un ṣe. Ìwọ lo máa wa ọkọ̀ obìnrin yìí kiri títí ọjà rẹ̀ yóò fi tán. Kó tó tán, o kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan lórúkọ lẹ́gbẹ́ yìí. Bí kò bá sì tán, padà sídìí àwọ̀n.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di awakọ̀ obìnrin. Mo ń sùn nílé àbúrò rẹ̀, láàárọ̀ mo ń wa ọkọ̀ láti ilé dé ilé, mo ń ké pé “Gẹ́mì rè é o, mílíìkì aládùn!” Ó jókòó níwájú, kì í bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé á sá wọlé, àwọn ìyá á ní àwọn ṣì ní. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, agolo kan la tà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sì rà á.

Ohun tó kó mi láyà jẹ jù ni bí wọ́n ṣe ń pè é. “Ìyá Gbémì, ẹ kú ọ̀nà o.” Àwọn àgbàlagbà náà ń pè é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ní èrò ibi, ó ti mọ́ wọn lẹ́nu ni. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀.

“Ìyá Dúpẹ́,” ó ní.

Mo ní, “Nínú àwọn ọmọ mẹ́ta ilé, èwo ni Dúpẹ́?”

Ó yí padà wò mí. “Kò sí nínú wọn. Òun ni àkọ́bí. Ibà ló mú un lọ kí ọkọ̀ tó gbé wa dé Igbókòdá. Kò tíì pé ọdún méje. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè mí, mo ní rárá. Kò ní fọ́tò, kò fi aṣọ kan sílẹ̀ tí kò gbó. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni ẹnu àwọn èèyàn, nígbà tí wọ́n bá ń kí mi.”

Mo fi àjẹ̀ sílẹ̀. Mo sunkún nínú ọkọ̀ yẹn, odidi ọkùnrin bí èmi. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá ń kọ́ mi láti ọjọ́ yìí wá, ọjọ́ yẹn ló tó yé mi. Obìnrin ọ̀dọ̀ wa, ọmọ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Mo ti yọ ọmọ ọlọ́mọ kúrò, mo fi iwin sí i.

Ní ọjọ́ kejì mo ní kí Bọ́sún fi aṣọ Gbémì ránṣẹ́ sí mi. Mo tẹ́ ẹ sórí afárá pákó ní gbangba, láàárín ọ̀sán, mo pe àwọn ọmọdé. Wọ́n kọ́kọ́ dúró lókèèrè. Mo wọ̀ ọ́, mo bọ́ ọ, mo tún wọ̀ ọ́, mo fi orí mi hàn wọ́n láti inú ọrùn rẹ̀. Mo wá ní kí ẹni tó bá láyà wá ya ìwé kan kúrò lára iwin. Ọmọbìnrin kan tó le lójú ló kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ya bò ó, wọ́n sì fi ìwé pupa náà lẹ ara wọn lójú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, aṣọ ìgbòkun tó ti ya ló kù nílẹ̀. Ìyá Dúpẹ́ ṣí agolo mẹ́ta, ó bù ú fún wọn, wọ́n sì mu ún. Láàárín oṣù kan, ọjà rẹ̀ tán pátápátá, ó sì ra òmíràn.

Lójoojúmọ́ tí mo fi kù níbẹ̀, mo ń ké “Ìyá Dúpẹ́” láti ìbẹ̀rẹ̀ abúlé dé òpin. Nígbà tí mo fi máa lọ, àwọn èèyàn ti ń bá mi pè é. Mo padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá pẹ̀lú àyà gbígbòòrò. Mo rò pé mo ti tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe.

Ayé ń yí, iṣẹ́ ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá kú, ẹgbẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, a fi ìtàgé orí omi sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gba eré sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Níbi tí ọ̀pọ̀ eléré ti rí ọ̀nà láti lówó, ibẹ̀ ni mo ti rí wàhálà. Kásẹ́ẹ̀tì ń wọ ilé tí n kò mọ̀, báwo ni mo ṣe máa wo gbogbo ilé? Láti ìgbà náà, ọjà tí kò sí ní ọjà kankan ni mo ń hùmọ̀ fúnra mi, èmi ni mo ń sọ ọjà lórúkọ, kí n tó yọ orúkọ iwin nínú rẹ̀. Ó ṣòro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì dára jù ú lọ. Nísinsìnyí, orí fóònù lẹ ti ń ṣe eré tiyín, ẹ sì ń pè mí pé, Bàbá, ẹ fún wa lórúkọ kan. Mo ń fún yín. Àwọn orúkọ mi ṣì ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà sì mọ̀.

Lọ́dún tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé yẹn láti lọ kí Ìyá Dúpẹ́. Mo bá ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń sá edé lórí afárá, mo ní kó fi ilé Ìyá Dúpẹ́ hàn mí.

“Bàbá, a ò ní Ìyá Dúpẹ́ níbí o.”

Mo ní obìnrin àgbàlagbà ni, opó ni, ó ta mílíìkì rí.

“Háà, Màmá Gbémì! Ẹ ò tètè sọ. Ilé wọn ló wà lópin lọ́hùn-ún.” Ó ń bá mi lọ, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ fún ọ̀wọ̀. “Gbémì yẹn ni àkọ́bí wọn, wọ́n ní kékeré ló ti kú. Màmá kì í fẹ́ sọ ọ́.”

Ọmọ náà kò mọ iwin kankan. Mílíìkì Gẹ́mì ti kúrò lọ́jà kí wọ́n tó bí i. Mo rìn lọ débẹ̀.

Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn ti ń bàìbàì. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí pákó, mo ní, “Ìyá Dúpẹ́, ẹ kú ilé o.”

Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ń wo ibi tí ohùn ti wá.

“Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i,” wọ́n ní.

Mo pè é.